USB: Ihò Kan fún Gbogbo Ẹ̀rọ

USB ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ jù lọ ohun èlò fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà lóde òní. Ìlànà yìí ló pinnu bí ẹnu okùn yóò ṣe rí, iye wáyà tí yóò wà nínú rẹ̀, bí iná mànàmáná tó máa gbà á kọjá yóò ti pọ̀ tó, àti irú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà àti ohun èlò yóò máa bá ara wọn sọ. Kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fláàṣì, kámẹ́rà, módẹ́ẹ̀mù àti fóònù ló ń gba ọ̀nà yìí wọlé. Ìrọ̀rùn tó mú wá pọ̀ jọjọ. Wàhálà rẹ̀ náà ò sì kéré. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ibi kan náà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá: àwọn tó dá a sílẹ̀ fẹ́ kí ohun gbogbo máa gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé.

Kí USB tó dé, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kún fún oríṣiríṣi ihò. Kíbọ́ọ̀dù ní ihò rogodo tirẹ̀, máòsì ní òmíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ṣì wọ́n mú kò ní rí iṣẹ́ ṣe lára ọ̀kankan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ihò gbọọrọ kan tó ní ojú 25, okùn rẹ̀ nípọn, a sì máa ń fi ìdè dè é mọ́ ara kọ̀ǹpútà kó má baà yọ. Módẹ́ẹ̀mù ní ihò olójú mẹ́sàn-án. Ọ̀pá tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà tún ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò gbọdọ̀ fà yọ tàbí kì bọlé nígbà tí iná bá wà lára kọ̀ǹpútà. A ní láti pa á ná, kí a so okùn mọ́ ọn, kí a tó tún un tàn.

Ti inú kọ̀ǹpútà tún le ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tó fi ń pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà irú ti IBM, nọ́ńbà wọ̀nyí kò ju 16 lọ, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì ti gba púpọ̀ nínú wọn. Bí pátákó tó ń gbé ohùn jáde àti módẹ́ẹ̀mù bá di nọ́ńbà kan náà mú, ọ̀kan yóò dákẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe yóò tú ìdè ara àpótí, yóò ṣí irin tín-ín-tín kan nípò lọ sí ojú mìíràn, yóò tan kọ̀ǹpútà wò, bí kò bá bọ́ sí i, yóò tún un tú. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ nìyí, ṣùgbọ́n olùkọ́, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ló wá di dandan fún.

Ní 1994, ilé-iṣẹ́ méje, ìyẹn Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel, pawọ́ pọ̀ láti wá ojútùú sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lọ jù nínú iṣẹ́ náà ni Ajay Bhatt, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ bíbí ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bá a dá sí i. Oṣù Kìíní 1996 ni ìwé ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Eré rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì: mẹ́gábíìtì 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, mẹ́gábíìtì 12 fún ohun èlò tí ẹrù rẹ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré yìí kò jẹ́ nǹkan lójú ẹni òde òní, ṣùgbọ́n ihò tí módẹ́ẹ̀mù ń lò nígbà náà kì í sábà kọjá kílóbíìtì 115.

Owó ló gbé USB lékè. Apple ní ìlànà tirẹ̀ tó ń jẹ́ FireWire, tó yára ju USB àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi í sára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ san owó fún àwọn tó ni ìmọ̀ rẹ̀, àwọn ègé inú rẹ̀ sì wọ́n. Àwọn tó dá USB sílẹ̀ kò gba owó kankan lórí ìmọ̀ inú rẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe máòsì pọ́ọ́kú lè lò ó láìjẹ gbèsè. FireWire rọ́wọ́ mú díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò, lẹ́yìn náà ó lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

Síbẹ̀, ọdún méjì àkọ́kọ́ kò rọrùn fún USB. Kọ̀ǹpútà tuntun ní ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a ó kì bọ̀ ọ́ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, Windows 95 kò sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ní Oṣù Kẹrin 1998, níbi ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, Bill Gates, ọ̀gá Microsoft, wà lórí ìtàgé nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan kì okùn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé bọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 98, láti fi han àwọn èrò pé ìrọ̀rùn ti dé. Ojú kọ̀ǹpútà ṣàdédé di búlúù pẹ̀lú ìròyìn àṣìṣe, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, Gates náà sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bóyá ìdí nìyẹn tí Windows 98 kò fi tíì dé ọjà. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Apple gbé iMac jáde, ó yọ àwọn ihò àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì fi USB dípò wọn. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kùn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti kùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ohun èlò rí i pé oníbàárà ti dé, wọ́n sì rọ́ wọ inú iṣẹ́ náà.

Inú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a kì okùn bọ ihò àti ìgbà tí ohun èlò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọgbọ́n USB wà. Nínú ẹnu okùn àtijọ́, irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà: méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Àwọn ti iná gùn díẹ̀ ju àwọn ti ọ̀rọ̀ lọ, kí iná lè kọ́kọ́ dé inú ohun èlò kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ pé iná ni yóò gbẹ̀yìn nígbà tí a bá ń fà á yọ. Ohun kékeré yìí wà lára ohun tó jẹ́ ká lè so ó, ká sì tú u, láìpa kọ̀ǹpútà. Bí iná bá ti wọlé, ohun èlò yóò gbé fólítì ọ̀kan nínú wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì sókè. Èyí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé àlejò kan ilẹ̀kùn. Wáyà tó bá sì gbé sókè nínú méjèèjì ni yóò sọ irú eré tí àlejò náà lè sá. Kọ̀ǹpútà yóò fún un ní nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 127, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe ọ́? Irú ohun èlò wo ni ọ́? Báwo ni iná tí o fẹ́ ṣe pọ̀ tó? Àkọsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti kọ sínú ohun èlò náà ni yóò fi dáhùn. Kò sí ẹni tó ń tú àpótí mọ́, kò sì sí ẹni tó ń pín nọ́ńbà fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá nínú gbogbo ìtàkùrọ̀sọ yìí. Nínú USB àtijọ́, ohun èlò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí a bá bi í. Bí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan lórí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà náà yóò dúró títí kọ̀ǹpútà yóò fi béèrè bóyá nǹkan wà. Ìbéèrè yìí ń wáyé lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò fi ní fura pé ìdádúró kankan wà. Nítorí pé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọgbọ́n tó pọ̀ jù wà, ohun èlò fúnra rẹ̀ lè wà ní pọ́ọ́kú. Ibi tó ti kù káàtó ni pé kámẹ́rà kò lè bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà kò bá sí láàárín wọn. Ní 2001 ni wọ́n ṣe àfikún tó jẹ́ kí ohun èlò kékeré lè jọba fún ìgbà díẹ̀, òun ló sì jẹ́ ká lè so fláàṣì tàbí kíbọ́ọ̀dù mọ́ fóònù lónìí.

Àwọn tó kọ ìlànà náà tún pín ohun èlò sí ẹ̀yà ẹ̀yà: kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nínú ẹ̀yà kan, ohun tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí nínú òmíràn, ohùn, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ti mọ ẹ̀yà kan ti mọ púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí máòsì tí a rà lónìí fi ń ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá, láìwá dráífà kankan kiri. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì wà lára àwọn tó ń yọni lẹ́nu lápá yìí, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ti ara rẹ̀ kún un.

Ẹ̀yà tó yí ìgbésí ayé ènìyàn padà jù ni ti fláàṣì. Ní ọdún 2000 ni Trek ti Singapore àti M-Systems ti Ísírẹ́lì gbé tiwọn dé ọjà. IBM ló ta ti M-Systems ní Amẹ́ríkà. Mẹ́gábáìtì 8 ni ti IBM gbà, èyí tó ju ti dísíkì márùn-ún lọ nígbà tí dísíkì kan ò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44. Ọdún kan náà ni USB 2.0 jáde, tó gbé eré sókè sí mẹ́gábíìtì 480, bí fláàṣì ṣe di ohun tí a fi ń kó odindi ìwé, orin àti fíìmù nìyẹn. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ti ní kọ̀ǹpútà tiwọn, fláàṣì ni kọ̀ǹpútà wọn. Iṣẹ́ àṣekágbá ń bẹ nínú rẹ̀, ó ń rọ̀ lọ́rùn, ó sì ń ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé bọ́ sí ìkejì. Módẹ́ẹ̀mù kékeré tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń tà, tó jọ fláàṣì, náà ló gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú yàrá púpọ̀ kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà ṣe.

Iná kì í ṣe olórí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá USB sílẹ̀. Fólítì 5 àti ìdajì áḿpíà ni USB 2.0 fàyè gbà, ìyẹn wáàtì 2.5 péré, kí máòsì àti irú rẹ̀ má baà nílò okùn iná ọ̀tọ̀. Àwọn ènìyàn ló kíyè sí i pé ohun tó bá lè gbé iná fún máòsì lè gbé e fún fóònù pẹ̀lú. Ṣáájú ìgbà náà, fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu ṣájà tirẹ̀. Nokia nìkan ní píìnì ńlá àti píìnì kékeré, débi pé àwọn tó ń ta ọjà lójú títì ń gbé okùn olórí púpọ̀ kiri, àwọn tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù fún ará àdúgbò gbọ́dọ̀ ní oríṣiríṣi ṣájà nílẹ̀. Ní 2009, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ńlá fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù pé ẹnu kékeré tó ń jẹ́ Micro-USB ni wọn yóò máa lò. Ní 2012, ìlànà tuntun fún iná gbé e dé wáàtì 100. Ní 2021, ó dé 240, èyí tó tó fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lágbára gan-an.

Níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, àǹfààní yìí kọjá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Fáànù kékeré, fìtílà, ẹ̀rọ ìgẹrun àti rédíò tó ń gba USB ló kún ọjà Èkó, Ìbàdàn àti Kútọnù. Páwà báǹkì kan tí a ti ṣájì nígbà tí iná wà lè bọ́ gbogbo wọn, pátákó oòrùn kékeré náà sì ń ní ihò USB lára. Bí USB kò bá ṣe nǹkan mìíràn ju èyí lọ, ó tó.

Wàhálà rẹ̀ kàn wàyí. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti ẹnu rẹ̀ àtijọ́, tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kì í tètè mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ kì í bọlé yóò gbìyànjú, yóò kọ̀. Yóò yí i padà, yóò tún kọ̀. Yóò dá a padà sí ti àkọ́kọ́, yóò wá wọlé. Bhatt ti ṣàlàyé pé kó tó lè wọ̀ lọ́nà méjèèjì, wáyà àti ègé inú rẹ̀ ní láti di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ yóò sì lọ sókè. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání: ìlànà tó wọ́n ní 1996 kì bá tí rí ọjà rárá.

Ti Micro-USB burú ju èyí lọ. Ó tín-ín-rín, irin ìdìmú rẹ̀ kò lágbára, ẹni tó bá sì fi ipá kì í bọlé lódì yóò ba ihò fóònù jẹ́. Iṣẹ́ pàtàkì ni pípààrọ̀ ẹnu ṣájà jẹ́ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní gbogbo ìsọ̀ fóònù káàkiri. Ẹnu B tún wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Mini-USB fún kámẹ́rà àtijọ́, àti Micro-B fífẹ̀ tó wà lára dísíkì alágbèéká. Ìlànà tó wá láti sọ ihò di ọ̀kan ti bí ihò mẹ́fà tàbí méje kí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé.

Lẹ́yìn náà ni ti orúkọ, níbi tí kò sí àwíjàre kankan fún àwọn tó ń darí ìlànà náà. Ní 2008, wọ́n gbé USB 3.0 jáde, pẹ̀lú gígábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú ihò rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Ní 2013, èyí tó ń sá gígábíìtì 10 dé. Kàkà kí wọ́n fún tuntun lórúkọ kí wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n sọ 3.0 di USB 3.1 Gen 1, wọ́n pe tuntun ní USB 3.1 Gen 2. Ní 2017, nígbà tí ti gígábíìtì 20 dé, wọ́n tún yí gbogbo rẹ̀ padà: èyí tó ti jẹ́ 3.0 rí di USB 3.2 Gen 1, ti gígábíìtì 10 di USB 3.2 Gen 2, ti gígábíìtì 20 di USB 3.2 Gen 2x2. Ihò kan náà, eré kan náà, orúkọ mẹ́ta. Àwọn tó jèrè níbẹ̀ kò fara sin. Ọlọ́jà lè kọ 3.2 gàdàgbà sára ohun èlò tí eré rẹ̀ kò ju ti 2008 lọ, kó má sì parọ́. USB4 dé ní 2019 pẹ̀lú gígábíìtì 40, èkejì rẹ̀ dé 80 ní 2022, orúkọ tiwọn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọrùn.

Ní 2014 ni USB-C dé. Irin 24 ló wà nínú rẹ̀, 12 lókè, 12 nísàlẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n kó lè wọlé lọ́nà yòówù tí a bá gbà kì í. Ó kéré tó fún fóònù, ó lágbára tó fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó sì lè gbé àwòrán lọ sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Orí kan náà lè wà ní ìdí okùn méjèèjì. Lójú ẹni tó ti jìyà Micro-USB, ìdáǹdè ni.

Ṣùgbọ́n USB-C kò ju ìrísí ẹnu lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí okùn tàbí ihò náà lè ṣe. Okùn méjì lè wà lórí àtẹ, kí ojú má mọ èyí tó yàtọ̀ nínú wọn, kó sì jẹ́ pé ọ̀kan ń gbé wáàtì 240 àti gígábíìtì 40, èkejì ń gbé wáàtì 60 àti mẹ́gábíìtì 480. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n yọ wáyà ọ̀rọ̀ kúrò nínú wọn pátápátá láti dín owó kù. Wọ́n ń ṣájì, fáìlì kankan ò sì lè gbà wọ́n kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò rí: lára kọ̀ǹpútà kan, ihò USB-C òsì lè gbé àwòrán jáde kí ti ọ̀tún má gbé e. Nígbà tí Apple gbé iPhone 15 jáde ní 2023 pẹ̀lú USB-C, mẹ́gábíìtì 480 ni èyí tí owó rẹ̀ kéré ń sá, eré ọdún 2000 gan-an, nígbà tí iPhone 15 Pro ń sá gígábíìtì 10. Okùn tó sì wà nínú páálí Pro náà jẹ́ ti mẹ́gábíìtì 480, ẹni tó bá fẹ́ eré kíkún yóò ra òmíràn. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ihò tí kò bá okùn mu kò ní jẹ́ kó wọlé, ẹni tó kì í yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lónìí, ohun gbogbo ń wọlé; ìgbà tí iṣẹ́ bá kọ̀ ni a ń mọ̀ pé wọn kò bá ara wọn mu. Àṣìṣe kò kúrò nílẹ̀, ó kàn wọ ibi tí ojú kò tó ni.

Ewu tún wà nínú okùn tí wọn kò ṣe dáadáa. Nínú okùn tó ń so USB-C mọ́ ihò àtijọ́, ègé kékeré kan gbọ́dọ̀ wà tó ń sọ fún fóònù pé kó má fa iná jù. Àwọn tó ṣe ayédèrú fi ègé mìíràn síbẹ̀, fóònù á wá máa fa iná ju èyí tí ihò kọ̀ǹpútà tàbí ṣájà àtijọ́ lè fún un. Ní 2015, Benson Leung, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Google, bẹ̀rẹ̀ sí í ra okùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ èsì rẹ̀ síta. Ní 2016, ọ̀kan tí wọ́n so wáyà iná rẹ̀ lódì ba kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ohun tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn èyí, Amazon fòfin de títa okùn USB-C tí kò bá ìlànà mu.

Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni okùn ń kúrú sí i. Okùn USB 2.0 lè gùn tó mítà 5. Okùn lásán tó máa gbé gígábíìtì 40 kì í ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mítà kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò ra okùn tó ní ẹ̀rọ nínú, tó sì wọ́n. Àpótí tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin náà kò dá eré kún eré. Ó ń pín èyí tó wà ni. Nínú ohun èlò 127 tí ìlànà fàyè gbà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ kí iná tàbí eré tó tán.

Wàhálà tó jinlẹ̀ jù ni ti ìgbẹ́kẹ̀lé. Kọ̀ǹpútà gba ohun tí àlejò bá sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́, kò sì béèrè ẹ̀rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Windows máa ń ṣí ètò tó bá wà nínú fláàṣì fúnra rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì bíi Conficker, tó jáde ní 2008, sì gba ibẹ̀ tàn káàkiri ayé. Stuxnet, tí wọ́n rí ní 2010, gba ara fláàṣì wọ inú kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì Natanz ní Ìráànì. Ní 2011, Microsoft dí ọ̀nà ìṣíra-ẹni yẹn lára Windows àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní 2014, Karsten Nohl àti Jakob Lell, àwọn olùwádìí láti Jámánì, fi hàn pé a lè tún àkọsílẹ̀ inú fláàṣì kọ, kó lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé kíbọ́ọ̀dù ni òun, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ bíi pé ènìyàn ló jókòó síbẹ̀. Irú èyí kò ṣeé fi ètò apa-fáírọ́ọ̀sì rí, nítorí kò sí fáìlì kankan tí yóò yẹ̀ wò. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa, èyí tó wọ́pọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́n tó bẹ́ẹ̀: fáírọ́ọ̀sì tó ń fi fódà pamọ́, tó sì ń fi ayédèrú rẹ̀ rọ́pò, ti mú kí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ rò pé iṣẹ́ wọn ti sọnù, nígbà tó ṣì wà nínú fláàṣì.

Yíyọ fláàṣì láìsọ fún kọ̀ǹpútà náà máa ń ba fáìlì jẹ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè ti sọ pé òun parí kó tó kọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn Windows tuntun ti dín ewu yìí kù, kò tán síbẹ̀.

Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wé ara wọn, èrè USB pọ̀ ju wàhálà rẹ̀ lọ fíìfíì. Yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́kẹ̀lé, wàhálà tó kù lónìí jẹ́ ti orúkọ, ti ayédèrú àti ti ìdákẹ́jẹ́ àwọn ọlọ́jà, kì í ṣe ti ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é, àwọn aláṣẹ sì lè tún un ṣe bí wọ́n bá fẹ́. Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀: láti ọjọ́ 28 Oṣù Kejìlá 2024, fóònù tuntun tó ń gba ṣájì okùn gbọ́dọ̀ ní USB-C kí wọ́n tó lè tà á níbẹ̀, fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọjọ́ 28 Oṣù Kẹrin 2026 ni wọ́n dá. Láti 2022 ni àjọ tó ń darí USB sì ti ń rọ àwọn ilé-iṣẹ́ láti pa Gen tì, kí wọ́n kọ iye gígábíìtì àti iye wáàtì sára okùn ní tààrà. Kò pọn dandan fún wọn, ọ̀pọ̀ kò sì ṣe é. Ẹni tó bá ń ra okùn kó wo ara rẹ̀ àti páálí rẹ̀ fún 60W tàbí 240W, kó wo iye Gbps, ìyẹn gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kankan kò bá sí níbẹ̀, kó gbà pé okùn ṣájì lásán ló fẹ́ rà, kó sì dúnàádúrà bẹ́ẹ̀.